Adúmáadán Kì Í Ṣe Dúdú Lásán

Zélie àkọ́kọ́ tí mo yà, àbúrò mi wò ó, ó ní, "Àǹtí, ṣé òkú lẹ yà ni?" Inú bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti àwòrán yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù jìnnà díẹ̀ tí mo tún un wò, òótọ́ lọmọ sọ. Ara ọmọbìnrin náà rí bíi ti ẹni tí ọyẹ́ ti nà fún oṣù mẹ́ta tí kò rí ìpara fi pa. Lóòótọ́, nínú ìwé ìtàn tí mo ti rí i, ìdílé Ikú ni Zélie ti wá, àwọn òkú ló sì ń pè. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ẹni tí kò bá tíì kà á, Zélie ni akọni inú Children of Blood and Bone, ìwé tí Tomi Adeyemi gbé jáde lọ́dún 2018. Ìkejì tẹ̀ lé e lọ́dún 2019, ìkẹta dé lọ́dún 2024. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ inú rẹ̀, orúkọ àwọn òrìṣà wa ló sì kún ibẹ̀. Òǹkọ̀wé náà ti ròyìn pé òjò ló lé òun wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Salvador, ní Brazil, tóun fi rí àwòrán àwọn òrìṣà níbẹ̀, gbogbo wọn ní àwọ̀ dúdú, àtibẹ̀ sì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sóun lọ́kàn. Àwòrán ló bí ìwé, ìwé tún wá ń bí àwòrán. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Orí fóònù ni mo ti ń yà tèmi, nínú ibisPaint, áàpù tí wọ́n fi ń yàwòrán. Odidi ọdún kan ni mo fi ń fi ìka yà á kí n tó ra bírò tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sójú fóònù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tí kò bá ní iPad kò lè ṣe é. Ìka kọ́ ló ba àwòrán mi jẹ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá mú búráùn kan, màá fi kun ara. Ibi tí òjìji bá wà, màá po dúdú mọ́ ọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, màá po funfun mọ́ ọn. Búráùn tí wọ́n bá po dúdú mọ́, eérú ló ń dà. Èyí tí wọ́n bá po funfun mọ́, ẹfun ni. Eérú àti ẹfun ni mo fi ń kun ọmọ ènìyàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, màmá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Adúmáadán ni màmá mi, wọ́n dúdú bíi kóró iṣin. N kò ní nǹkan ṣe, mo bá ń wo apá wọn. Lókè apá, níbi tó kọjú sí sánmà, ohun tí mo rí kì í ṣe funfun rárá, ó jọ aró tí wọ́n ti bomi là. Lábẹ́ apá, mo rò pé dúdú ni màá bá. Pupa ni mo bá, pupa bí osùn, torí pé ilẹ̀ pupa iwájú ilé wa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i lára. Igunpá wọn dúdú ju ibi tó kù lọ. Àtẹ́lẹwọ́ pọ́n, àwọn ìlà àárín rẹ̀ sì ṣú. Mo sáré ya fọ́tò, mo gbé e sínú áàpù, mo ń fi ohun tó ń mú àwọ̀ tẹ ibì kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo apá yẹn, n kò rí dúdú paraku níbì kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa látọjọ́ pípẹ́: ẹni tó dú, tó tún ń dán. Dídán yẹn ni mo fò dá.

Báyìí, búráùn tó pọ́n díẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lórí léyà tirẹ̀. (Léyà dà bí bébà tó mọ́ gaara tí wọ́n tò léra, tí a lè kun ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì.) Màá ṣí léyà kejì lé e, màá tẹ Clipping kí àwọ̀ má bàa ṣàn kọjá etí ara, màá yí i sí Multiply, tó ń mú kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ ṣú sí i, màá wá fi àlùkò tàbí pupa osùn kun òjìji. Ìmọ́lẹ̀ náà ní léyà tirẹ̀: aró fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá jẹ́ ìta gbangba lọ́sàn-án, àwọ̀ ọsàn bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ iná. Dídán ló máa ń kẹ́yìn, bíńtín báyìí, sí ṣóńṣó imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀. Ẹ má fi sí ibi gbogbo o, torí ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ da epo sí i lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo léyà. Orí léyà kan ṣoṣo ni mo ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ́ tún ojú òsì ṣe, mo pa ìdajì irun rẹ́ mọ́ ọn, mo sì ti fi í pamọ́ kí n tó rí i. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Irun náà tún jẹ mí níyà. Irun funfun ni Zélie ní, mo sì kọ́kọ́ yà á gbọọrọ, torí àwòrán ẹlòmíì ni mò ń wò. Nígbà tí mo padà sínú ìwé ni mo rántí pé bí agbára náà ṣe ń padà sára rẹ̀ ni irun rẹ̀ ń ká kó sí i. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ fẹ́ yà nínú ìtàn náà kí ẹ tó fọwọ́ kan irun. Ẹ má sì fi funfun bẹ̀rẹ̀, torí bí gbogbo rẹ̀ bá ti funfun tán, ibo ni ìmọ́lẹ̀ fẹ́ bà sí? Àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ àlùkò ni mo fi ń gbé e dúró, gìdìgbà bí òwú tí wọn kò tíì ran, lẹ́yìn náà ni màá fi funfun kan òkè rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ etí nìkan ni mo ti ń ya kíká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo tún fi abẹ̀bẹ̀ idẹ sí i lọ́wọ́ nígbà kan, torí ó rẹwà lójú mi. Ọya ni òrìṣà ìdílé rẹ̀ nínú ìwé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá kan ládùúgbò wa. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ mi, o ní ti Ọya ni, ohun èlò Ọ̀ṣun lo wá kó fún un." Ojú tì mí díẹ̀. Ìwo ẹfọ̀n ni ti Ọya, pẹ̀lú atẹ́gùn. Wọ́n rán mi létí oríkì rẹ̀: ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dági lókè lókè. Mo pa abẹ̀bẹ̀ rẹ́, mo dá ọ̀pá tó ń fi jà nínú ìwé padà sí i lọ́wọ́, mo wá jẹ́ kí aṣọ àti irun rẹ̀ fẹ́ sí apá kan náà. Atẹ́gùn yẹn sọ ju abẹ̀bẹ̀ lọ.

Ti ìtẹ̀wé kò gùn. Píksẹ́lì 800 lọ́nà 800, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni mo fi ya Zélie tí mo fẹ́ tẹ̀ sórí pépà A4, ló bá jáde bíi pé omi dà sí i. 2480 lọ́nà 3508 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí A4 ní 300 dpi (ẹyọ àmì 300 nínú íǹṣì kan). N kò tà wọ́n o, ọmọ ọlọ́mọ ni Zélie. Ẹni tó bá fẹ́ fowó ra iṣẹ́ mi, ojú tirẹ̀ ni màá yà fún un.

Nígbà tí mo parí èyí tó kẹ́yìn, mo gbé e fún màmá mi. Wọ́n sún fóònù mọ́jú, wọ́n tún gbé e jìnnà, wọ́n na apá tiwọn síwájú, wọ́n wò ó.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o gbé apá mi fún ọlọ́mọge?"