Yàrá méjìlá tó ń di mọ́kànlá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa wíwọn ilé àti yíya pláànì lórí kọ̀ǹpútà

Tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé yàrá òun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú lóòró, ẹ kọ́kọ́ bi í: láti inú dé inú ni, àbí láti àárín ògiri dé àárín ògiri? Mi ò kí ń ya pláànì kankan mọ́ láìbéèrè yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ pláànì orí kọ̀ǹpútà ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wọ́n kọ 3600 sórí pláànì ní mìlímítà, ìyẹn mítà 3.6, òun ni àwọn bíríkìlà ń pè ní méjìlá. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án nípọn tó sẹ̀ńtímítà 22.5. Tí wọ́n bá rẹ́ ògiri náà, pilásítà á fi bíi 1.5 kún ojú kọ̀ọ̀kan, ògiri á wá di 25.5. Bó bá jẹ́ àárín sí àárín ni 3600 yẹn, sẹ̀ńtímítà 334.5 péré ló kù nínú yàrá. Kò pé ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá! Ilẹ̀ tí ẹ rò pé ó jẹ́ 12.96 m² ti di 11.19, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju páálí táìlì 60 × 60 kan tó gba mẹ́rin lọ.

Sweet Home 3D, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya pláànì ilé, ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lò. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò dátà mọ́. Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ ṣí Preferences, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Ẹ yan sẹ̀ńtímítà, torí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ti Amẹ́ríkà á máa gbé íǹṣì wá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìnípọn ògiri: 7.5 ló máa ń wà níbẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù wo ló tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin? Ẹ fi 25.5 sí i fún oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, 18 fún oní-íǹṣì mẹ́fà.

Àárín ògiri ni ìlà tí ẹ bá ń fà máa ń gbà. Nítorí náà, bí téèpù yín bá sọ 334.5 nínú yàrá, tí ẹ sì tẹ 334.5, yàrá yẹn á di 309 lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìnípọn ògiri kan kún un, kó di 360. Bí ògiri ọ̀tún àti tòsì ò bá nípọn bákan náà, ìdajì ọ̀kan àti ìdajì èkejì ni kí ẹ fi kún un: 12.75 àti 9, fún àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá ti ń fa ògiri, ẹ tẹ Enter, àyè á yọ tí ẹ lè tẹ ìwọ̀n sí. Nígbà tí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti pàdé, ẹ mú irinṣẹ́ yàrá, kí ẹ tẹ àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí yàrá ò bá jáde, igun kan ò pàdé níbì kan. Bó bá jáde, ẹ fi m² tó kọ wé èyí tí ẹ fọwọ́ ṣírò.

Ní ti wíwọn gan-an, ìsàlẹ̀, ìbàdí àti òkè ni mo máa ń wọn ògiri kọ̀ọ̀kan, pàápàá nínú agbo ilé àtijọ́ ní Pàkátà tàbí ní Ọ̀fà, níbi tí ògiri alámọ̀ lè nípọn nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Ojú ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ni ẹ ti máa rí ìnípọn ògiri wọ̀n. Irin kékeré ẹnu téèpù tó ń mì díẹ̀ kò bàjẹ́ o: bó ṣe ń mì tó ni irin náà ṣe nípọn tó, kí ìwọ̀n inú àti ti ìta lè bára mu. Ẹ má fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀. Bí ògiri kan bá ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé méjì, igun kan ṣoṣo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n ní ègé-ègé á máa kó àṣìṣe kékeré jọ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn igun sí igun. Yàrá 360 × 420 tó dúró gbọ́n-ín gbọ́dọ̀ mú 553 wá ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi mẹ́rin tàbí márùn-ún ju èkejì lọ, yàrá náà wọ́. Ẹ fi ìlà ìwọ̀n sí igun méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ di Alt mú kí ìlà má baà máa fò sí igun tí kọ̀ǹpútà fẹ́, kí ẹ wá fa igun náà díẹ̀díẹ̀ títí tí ìwọ̀n á fi bá ti téèpù mu.

Ilẹ̀kùn yàrá 90 × 210 ló wọ́pọ̀, ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì 75. Fèrèsé 120 × 120 tí ẹ bá gbé sókè ní 90 á bá orí ilẹ̀kùn dọ́gba, lintel kan (kọnkéré tó ń kọjá lórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé) á sì gba gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọlé, kí ẹ tó ronú àwọ̀ ògiri. Nínú yàrá tí inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá gan-an, 305, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà sí mẹ́fà gba 183, wọ́dúróòbù gba 60. Ohun tó kù fún ẹsẹ̀ ni 62, ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù sì tún fẹ́ ṣí sínú rẹ̀.

Ẹ tún kọ latitude àti longitude Ìlọrin (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà lórí àwòrán ayé) sínú kọ́ńpáàsì Sweet Home 3D, kí oòrùn lè bọ́ síbi tó yẹ. Nínú oṣù kẹfà, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán wa máa ń wà, ní oṣù Kejìlá ó ti bọ́ sí gúúsù. Ìwọ̀ oòrùn ló ń dààmú yàrá ibùsùn jù.

Àwòrán yìí ò dípò èyí tí àkítẹ́ẹ̀tì máa fọwọ́ sí fún ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń gbé e fún un, tàbí fún bíríkìlà, ẹ kọ "inú sí inú" tàbí "àárín sí àárín" sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ àpapọ̀ ti ìta. Yàrá 334.5 méjì àti ògiri 25.5 mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ 745.5. Ní sáìtì, okùn ni kí wọ́n fi wọn àpapọ̀ yẹn kí wọ́n tó gbẹ́ fáńdéṣọ̀n, kí wọ́n má gbàgbé pé pilásítà ò tíì sí níbẹ̀: 742.5 ni okùn máa kà.