Ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ́

Tí wọ́n bá ní ìgbàgbọ́ ló ń bí orin ìjọ, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni omijé ojú akọrin, tàbí iye ọjọ́ tó fi gbààwẹ̀ kó tó wọ sítúdíò. N kò bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni mo máa ń wò láti mọ̀ bóyá ẹni tó kọ orin gba ohun tó kọ gbọ́: ṣé ohùn orin náà jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń wí? Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù pé nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Bí ohun tí ìjọ ń gbọ́ bá wá yàtọ̀ sí ohun tí a kọ sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ mú "ẹ̀jẹ̀ Jésù". Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí ẹ̀jẹ̀. Bí orin bá gbé èkejì sókè, ó ti di ẹ̀jẹ́ nìyẹn. A ti kúrò ní Kálfárì, a ti bá Hánà dé Ṣílò níbi tó ti ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ nítorí ọmọ. "Iṣẹ́ Olúwa" tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin lè gòkè láti "i" sí "ṣẹ́" bó ṣe yẹ kó gòkè, kó sì ṣì burú. Ìdí ni pé "i" tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti "O" tó bẹ̀rẹ̀ Olúwa, ohùn àárín ni àwọn méjèèjì. Bí a bá ki "i" bọlẹ̀ jìnnà sí "O", ìṣẹ́ ni etí máa gbọ́, a wá ń yin Ọlọ́run nítorí òṣì.

Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún bá ohùn orin nílẹ̀ ni, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí iye sílébù rẹ̀ máa bá a mu. Sílébù ni wọ́n kà, wọn ò ka ohùn. Ẹni tó mọ̀wé tó di ìwé orin mú, ojú rẹ̀ ń bá etí rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìyá tó ń ti ọjà bọ̀, tó dúró lẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, kò rí ìwé kankan. N kò ní ká da àwọn orin wọ̀nyẹn nù o. A ti há wọn sórí láti kékeré, ìtumọ̀ wọn ti wà lọ́kàn wa ká tó lanu. Ẹni tó ń kọ orin tuntun lónìí ni kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọ tó yapa kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó, United Native African Church ní 1891 àti African Church ní 1901, ṣílẹ̀kùn fún orin ìbílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, orin ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti (1855 sí 1930) fi ń wàásù. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba 43 nínú orin Yorùbá rẹ̀ sínú àwo. Ẹni tó wá fi ìwé là á yé wa ni T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 di 1962. Nínú ìwé tó ṣe lórí orin Yorùbá ní 1953, ó ṣàlàyé pé ohùn ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ darí orin, àti pé sọ́fà (àmì ohùn orin, bíi d, r, m, s, l) márùn-ún ni orin ìbílẹ̀ wa dúró lé. Ẹ má sì gbàgbé pé Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe àìmọ orin òyìnbó ló mú un sọ bẹ́ẹ̀.

Níbo ni orin tilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀? Òmíràn ti inú ẹsẹ Bíbélì wá. Òmíràn ti inú ẹ̀rí tí ẹnì kan jẹ́, tí gbogbo ìjọ gba gbólóhùn kan mọ́ ọn lẹ́nu, tí wọn ò sì jẹ́ kó bọ́lẹ̀ mọ́. Láàrin àwọn Aládúrà, láti ìgbà tí Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925, títí kan Sẹ̀lẹ́ tí S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní 1947, orin tí wọ́n gbà nínú ẹ̀mí ní ipò tirẹ̀: ó lè jáde lẹ́nu ẹnì kan láàrin àdúrà tàbí nínú àìsùn láìròtẹ́lẹ̀. Orin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kúrú, gbólóhùn kan tàbí méjì, ohùn rẹ̀ sì máa ń bá ọ̀rọ̀ mu, torí pé ẹnu ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ lè dúró lọ́kàn kí ohùn yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó ti wù kó wá, àyẹ̀wò ló kàn. Ní 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná lórí bóyá ó tọ́ ká pe Ọlọ́run ní onídùúró nínú orin. Àríyànjiyàn náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí Hébérù 7:22 nínú Bíbélì Yorùbá ti pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú, onígbọ̀wọ́ àti onídùúró ò sì jìnnà síra. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì tí a fi ń ki Ọlọ́run. Awímáyẹhùn ní Númérì 23:19 lẹ́yìn, Atẹ́rẹrẹ káríayé ní Sáàmù 139. Oríkì tí ẹ kò bá rí ẹsẹ kankan fi gbè lẹ́sẹ̀, pàápàá èyí tó ti ilé ìbọ wá tààrà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò lè dúró ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ àwo yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìlà kan. Jòhánù Kìíní 1:7 ni a fi ṣe ìpìlẹ̀, ìlà wa sì ni "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti sọ mí di mímọ́". Ẹ má tíì fi kọrin. Ẹ sọ ọ́ léraléra, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ohùn sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, àárín, àárín, òkè, àárín, òkè, òkè. Sílébù mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi d ṣe ìsàlẹ̀, tí r jẹ́ àárín, tí m jẹ́ òkè, ẹ máa rí d d m d, r r m r m m. Ó tọ́, ṣùgbọ́n kò dùn. Ó dà bí ẹni ń ké ìkéde. Ẹ wá fẹ̀ ẹ́: l l m d, r r s m s s, kí l méjì tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé l àti d ni ohùn ìsàlẹ̀ lò, òkè lo m àti s, "di" tó jẹ́ ohùn àárín sì bọ́ sórí m. Kò sí ohùn ọ̀rọ̀ tó ní sọ́fà kan ṣoṣo. Ohun tí etí ń ṣọ́ ni ìrìn láti sílébù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e: láti òkè sí ìsàlẹ̀, orin gbọ́dọ̀ wálẹ̀, láti àárín sí òkè, ó gbọ́dọ̀ gòkè, ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lè dúró sójú kan. Níbi tí a bá ti mí láàrin ìlà, òfin náà dẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá sì ń wá ibi tí orin ti lè fò bó ṣe wù ú, Halelúyà ni, Àmín ni, "o" tó ń kẹ́yìn ìlà ni, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nítòsí tí wọ́n lè ṣì dà.

Ẹsẹ kejì ni ọ̀pọ̀ orin ti ń bàjẹ́. Ẹni tó ti rí ohùn aládùn fún ẹsẹ kìíní á kàn máa kó ọ̀rọ̀ mìíràn sínú rẹ̀. Ká ní ẹsẹ kejì wa ni "Agbára rẹ̀ ti sọ mí di ọ̀tun". Sílébù mẹ́rin ló wà nínú "agbára rẹ̀", bíi ti "ẹ̀jẹ̀ Jésù", nítorí náà ó máa wọlé bọ̀ọ̀rọ̀bọ̀. Ẹ wá fi l l m d kọ ọ́, kí ẹ gbọ́ ohun tó di: àgbàrá rẹ̀. Àgbàrá òjò ló wá ń sọ wá di ọ̀tun! Ohùn tí agbára rẹ̀ ń fẹ́ ni r m r d. Nítorí náà, ẹ fún ẹni tó ń lé orin ní ohùn ọ̀tọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn elégbè di ìlà kan tí kì í yí padà mú. Ìdí nìyẹn tí lílé àti gbígbè fi bá èdè wa lára mu ju ẹsẹ mẹ́fà lórí ohùn kan náà lọ. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹsẹ mẹ́rin bá ara wọn lo ohùn kan, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa pààrọ̀ títí ohùn wọn á fi bára mu. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Lórí èyí, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin Àlùfáà A. T. Ola Olude, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Èyí tó kọ ní 1949 wọ ìwé orin àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló gbẹ́ ohùn náà, àwọn tó ń kọ ọ́ níbẹ̀ sì lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí orin bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin, ìṣòro tuntun wọlé. Ìwé tí a fi kọ́ wa ní orin ohùn mẹ́rin sọ pé ó dára kí báàsì, ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, máa gòkè nígbà tí sopíránò, ohùn tó ga jù, bá ń wálẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí wàhálà. Ní Yorùbá, bí sopíránò bá sọ "Jésù" láti m wá sí d, tí báàsì gba l lọ sí d, "Jèsú" ni àwọn bàbá ẹ̀yìn yẹn ń sọ. Bí wọ́n bá pọ̀, tí ohùn wọn sì wúwo, àwọn ni ìjọ máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohùn jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, áálítò ní bíi ìpele mẹ́ta sísàlẹ̀ sopíránò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ní ọ̀nà kan náà. Níbi tí ẹ bá fẹ́ kí báàsì ya, ẹ ní kó panu dé kó máa kùn, tàbí kí dùùrù bá yín ṣe é. Àwọn ọ̀rọ̀ tó gbé ìlà dání, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ fi ohùn kan ṣoṣo kọ wọ́n. Ẹ fọ́n ká ní Àmín.

Kíì F bá ìlà wa yìí mu. L ìsàlẹ̀ á bọ́ sí D, s á bọ́ sí C, kò sí ẹni tó máa fagbára fa ọrùn. Nínú àìsùn, lẹ́yìn agogo méjìlá òru, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí E-flat, torí ohùn ti ń rẹ̀ wọ́n. Atẹdùùrù tó jẹ́ pé kíì kan ṣoṣo ló mọ̀, tó ń fi bọ́tìnì transpose gbé e kiri, ẹ rán an létí kó dá a padà kí orin tó kàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlù gángan gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ orin kó tó sọ̀rọ̀. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn nìkan ló ní, nítorí náà ìlù tó sọ ìlà wa lè dà bí ọgọ́rùn-ún gbólóhùn mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ìjọ fi ẹnu kọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan, kí agogo di kónkóló, ìró rẹ̀ tí kì í yí padà, mú, kí gángan tó bọ́ sí i. Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn máa mọ ohun tó ń wí. Onígángan tí a kò fún ní ọ̀rọ̀ orin ṣáájú ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ki olówó tó jókòó níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ní òde àríyá.

Ní sítúdíò, Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn akọrin ṣe, ni kí ẹ ṣọ́. Bí wọ́n bá mú kó yára jù, ó máa ń tẹ́ gbogbo sílébù pẹrẹsẹ, ó sì máa ń gé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń rọra yọ́ lọ sílẹ̀ ní ìparí ìlà. "Agbára rẹ̀" á di "agbára rẹ", orin tí a fi ń jẹ́rìí Jésù fún ará á wá dà bí èyí tí a fi ń yin ará náà. Ẹ ní kí wọ́n dín ìyára rẹ̀ kù, kí wọ́n má fọwọ́ kan sílébù tó gbẹ̀yìn rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹnì kan tí kò gbọ́ orin náà rí, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ láìsí ọ̀rọ̀ orin lọ́wọ́, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ti kọ nǹkan mìíràn, ẹ padà lọ gbà á sílẹ̀ lákọ̀tun, kódà bí owó sítúdíò bá ti tán.