NAS ni àbí mini PC? Iná Ẹpẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fídíò ayẹyẹ, ẹ mọ̀ pé kámẹ́rà kọ́ ni wàhálà mọ́ báyìí, ibi tá a máa kó fáìlì sí lẹ́yìn òde ni wàhálà. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbí ní Ẹpẹ, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Balógun, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ọdún Káyókáyó, kò sí èyí tí kì í lọ. External hard disk ló ń kó gbogbo ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, tó bá kún á ra òmíì, á fi máákà kọ ọdún sí i lára, á kó o sínú dúrọ́ọ̀. Èmi tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ mi ni mo gbé ọ̀rọ̀ server inú ilé wá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń wà ní títàn tọ̀sán-tòru tí gbogbo ilé ń kó fáìlì sí, àtìgbà náà la ti ń fà á: ṣé ká ra NAS (àpótí dísìkì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí) ni, àbí ká ra mini PC kan (kọ̀ǹpútà kékeré) ká fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i ká sọ ọ́ di server? Mo fẹ́ kọ ibi tá a bá a dé síbí, torí àwọn tó ń bi mí pọ̀, ìdáhùn tí mo sì ń fún àwọn kan yàtọ̀ sí tàwọn míì.

Kí n tó sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ìdílé kan wá bá àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá wọn ti kú, wọ́n ní ṣé fídíò àádọ́rin ọdún bàbá ṣì wà, torí lọ́jọ́ yẹn bàbá gba gbohùngbohùn, ó ń súre fún àwọn ọmọ ẹ̀, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fídíò náà wà, dísìkì yẹn ṣì ṣí. Ọmọbìnrin wọn àgbà gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu bàbá ẹ̀, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ bùọ̀dá fídíò, ẹ dá a padà, ẹ jẹ́ n tún un gbọ́." Orí dísìkì kan ṣoṣo ni nǹkan yẹn wà o, inú dúrọ́ọ̀, láìní ẹ̀dà kankan níbòmíì. Nǹkan olóhun là ń tọ́jú, kò yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kámẹ́rà tó ń ya fídíò 4K ní 100 Mbps (mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń kọ nǹkan bíi 45GB ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, wákàtí mẹ́rin lóde, 360GB nìyẹn, òde kan ṣoṣo, a ò tíì ka fọ́tò mọ́ ọn, a ò tíì ka èyí tá a gé tán. Ẹni tó bá lọ òde mẹ́ta lóṣù ti kọjá 1TB. Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi server ṣe, ṣebí cloud, ibi ìkófáìlìsí orí íntánẹ́ẹ̀tì, wà. Google Photos tí gbogbo wa gbójú lé ti dáwọ́ ọ̀fẹ́ tí ò lópin dúró láti oṣù kẹfà 2021, 15GB ló kù, Gmail àti Drive sì ń pín nínú ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú kámẹ́rà kan ló máa kún un. Ẹ wá rò ó wò kéèyàn máa fi dátà orí fóònù gbé 360GB lọ sókè láti Ẹpẹ, owó òde ọ̀hún á tán sórí dátà.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, NAS ni àpótí kékeré tó ní ojú ihò dísìkì méjì tàbí mẹ́rin, ẹ ti hard disk ńlá bọ̀ ọ́, ẹ so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ọn, gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù inú ilé á máa rí i bíi fódà kan. Synology àti QNAP ló gbajúmọ̀ jù, ará Taiwan làwọn méjèèjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ní dísìkì nínú tẹ́ ẹ bá rà á o, ọ̀tọ̀ lowó dísìkì. Mini PC ní tiẹ̀, kọ̀ǹpútà gidi ni, àmọ́ ó kéré débi pé ẹ lè so ó mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Tuntun wà, bíi àwọn tó ń lo ṣípù Intel N100 tó jáde lọ́dún 2023, tòkunbọ̀ náà wà, àwọn HP EliteDesk Mini, Dell OptiPlex Micro, Lenovo ThinkCentre Tiny táwọn ọ́fíìsì òyìnbó lò tì, wọ́n kún Computer Village Ìkẹjà fọ́fọ́.

Mini PC ni mo ní nílé tèmi, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mi ò ní purọ́. Immich tí mo fi sórí ẹ̀ ń gba fọ́tò látorí fóònù ìyàwó mi àtàwọn ọmọ, Jellyfin ń gbé fíìmù sórí tẹlifíṣọ̀n, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ pàápàá fíìmù ò dúró. Ṣájà ẹ̀ sì jọ ti lápútọ́ọ̀pù, tó bá jó, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni láti ìlú òyìnbó, màá rí òmíì rà. RAM ẹ̀ ṣeé pààrọ̀, fáànù ẹ̀ ṣeé pààrọ̀. NAS ò rí bẹ́ẹ̀ níbí, tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ bá kú, ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí. Nǹkan tí mo ń tọ́jú sì kéré, SSD kan (dísìkì tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú) gbà á.

Ibi tí mini PC ti máa ń há ni fídíò. Ẹ ṣí ikùn ọ̀kan lára àwọn tòkunbọ̀ yẹn, ẹ máa rí ojú SSD tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti àyè dísìkì lápútọ́ọ̀pù kan, ó tán. Dísìkì ńlá inú dẹ́sítọ́ọ̀pù ò lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ dísìkì ńlá yẹn ló máa ń gba 8TB, 12TB, ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á so ó mọ́ USB lóde, á wá di wáyà USB, ṣájà ọ̀tọ̀ fún àpótí dísìkì, sọ́kẹ́ẹ̀tì òmíì. Ọmọ á fẹsẹ̀ kọ wáyà, iná á ṣẹ́jú díẹ̀, dísìkì á já kúrò láàárín ibi tó ti ń kọ fáìlì. Lóòótọ́ àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ olóhun, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Iná wá ńkọ́? Òun ló yẹ ká kọ́kọ́ bi. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti ní Band A á máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, àdúgbò tiwa ò sí lára wọn, torí náà orí ínvátà ni server máa gbé. NAS tó ní dísìkì méjì ń jẹ bíi wáàtì 15 tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an tí dísìkì bá sùn. Mini PC N100 lè má tó wáàtì 10 tí kò bá ṣe nǹkan kan, tẹ́ ẹ bá wá ka dísìkì ńlá méjì mọ́ ọn, ọgbọọgba ni wọ́n. Bátìrì 220Ah kan tó jẹ́ 12V, 2,640 wáàtì-wákàtí ló ń gbé, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì ẹ̀ kẹ́ ẹ má ba pa bátìrì, 1,320 nìyẹn. Wáàtì 15 fún wákàtí 12 ò ju 180 lọ, ínvátà fúnra ẹ̀ náà á jẹ tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tòkunbọ̀ táwọn kan ń gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ sọ di server, tó bá ń jẹ wáàtì 60, 720 ló máa jẹ ní wákàtí 12 yẹn, ó ti ju ìdajì ohun tẹ́ ẹ ní lọ. Ẹ má gbà fún wọn o jàre.

Àmọ́ iye tí ẹ̀rọ ń jẹ kọ́ ló ń ba fáìlì jẹ́, bí iná ṣe ń lọ lójijì ni. Ẹ wo ínvátà yín dáadáa, ọ̀pọ̀ ló ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ UPS sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, á jẹ́ kó tètè gba iná kí kọ̀ǹpútà má bàa kú kó tún ara ẹ̀ tàn. Tí bátìrì pàápàá bá wá ń lọ tán lóru ńkọ́? NAS ní ojú USB tí UPS kékeré lè fi bá a sọ̀rọ̀, tó bá ti gbọ́ pé iná kù díẹ̀, á kó fáìlì ẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, á pa ara ẹ̀, tí iná bá dé á tàn padà. Mini PC náà lè ṣe é, áàpù kan tó ń jẹ́ NUT ni wọ́n ń fi ṣe é lórí Linux, ẹ máa tún wọ BIOS (ojú ìṣètò tó ṣeé wọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó tàn tán) lọ yí "After Power Loss" sí "Power On", ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, ẹ̀yin lẹ sì máa dán an wò.

Ibẹ̀ gan-an ni àbúrò mi ti bi mí ní ìbéèrè tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní "Bùọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò ńkọ́, tí nǹkan yìí ò bá tàn láàárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ lọ òde, ta ló máa bá mi tún un ṣe?" Mi ò lè sọ pé kó lọ kọ́ Linux, iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. NAS ni mo ní kó rà, oníhò méjì, kí dísìkì kejì máa kọ ohun tí àkọ́kọ́ ń kọ. Tí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, á fi ìmélì ránṣẹ́ sí i, á máa han gooro, á ra òmíì, á fà á yọ, á ti tuntun bọ̀ ọ́. Ó wọ́n ju mini PC tòkunbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ lowó ẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa fi gbogbo ara gba ilé-iṣẹ́ NAS gbọ́ o. Lọ́dún 2025 Synology ní àwọn ẹ̀rọ Plus tuntun wọn fẹ́ dísìkì tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí, àwọn oníbàárà pariwo, nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn wọ́n yí i padà. Ohun tó tù mí nínú ni pé tí àpótí wọn bá kú, èèyàn lè so dísìkì ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní Ubuntu, irú Linux kan, kó sì kó fáìlì ẹ̀ jáde, àwọn fúnra wọn kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àpótí lè kú, kí fáìlì ṣáà má kú.

Ọ̀rọ̀ dísìkì: ẹ ra tòkunbọ̀ mini PC bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ra tòkunbọ̀ hard disk fún iṣẹ́ yìí. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ wá wò ó, ẹ fi áàpù CrystalDiskInfo wo Power-On Hours ẹ̀, ìyẹn iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, tẹ́ ẹ bá rí 40,000, ó ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ lọ láìsùn. Ẹ béèrè dísìkì CMR pẹ̀lú, èyí tí ìlà tó ń kọ dátà sí kì í gun ara wọn; SMR, tí ìlà tiẹ̀ ń gun ara wọn, máa ń falẹ̀ gan-an nínú NAS, nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ dísìkì lẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé á jẹ dátà. Kò jẹ dátà o, inú ilé ni fáìlì ń rìn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ojú wáyà lára router yín. Ọ̀pọ̀ router oní-SIM ò ju 100 Mbps lọ, 45GB á gba wákàtí kan ó lé kó tó dé orí NAS. Ẹ ra switch gigabit kékeré kan, àpótí tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ ní 1,000 Mbps, ẹ so kọ̀ǹpútà àti NAS mọ́ ọn, iṣẹ́ yẹn kan náà á di bí ìṣẹ́jú méje.

Pé dísìkì méjì wà nínú NAS ò sọ ọ́ di bákọ́ọ̀pù. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti rẹ́ lórí èkejì náà, olè sì lè gbé gbogbo àpótí lọ. Torí náà àwọn external ìjọ́sí tó ṣì dáa nínú dúrọ́ọ̀ la fi ń ṣe ẹ̀dà kẹta, ọ̀dọ̀ Màmá wa ní Pópó-Ọbà la ń gbé e sí. Ẹ má sì ṣí NAS sí ojú íntánẹ́ẹ̀tì tààrà. Lóṣù kìíní 2022, àwọn ọ̀daràn Deadbolt wọ inú àwọn QNAP tó wà lójú íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fáìlì àwọn èèyàn pa, wọ́n ní kí wọ́n san Bitcoin. Tí àbúrò mi bá wà lóde tó fẹ́ wo fáìlì, Tailscale, áàpù tó ń ṣí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ látorí fóònù dé ilé, ló ń lò, ó wà lórí NAS, ó wà lórí fóònù ẹ̀, kódà pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tí kì í fún wa ní àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tiwa, ó ń wọlé.