Ẹni tó mú okùn wá lóru ọjọ́ náà: ẹ̀rí ìdúpẹ́ mi

Ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹ tún bá mi yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí "ẹ kú ará fẹ́ra kù" ni ẹ̀ bá máa kí ọkọ mi lónìí. Èmi, ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àti àwọn ọmọ mi méjèèjì, a wà láàyè, a wà ní pípé.

Aláró ni mí. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi, tí òun náà bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ilé náà wà ní ìsàlẹ̀, kò jìnnà sí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, torí aláró kì í jìnnà sí omi.

Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ni. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà Kánò, awakọ̀ ni. Láti ìrọ̀lẹ́ ni òjò ti ń ṣẹ́ wẹ́liwẹ̀li; nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti di àrọ̀ìdá. A sùn. Ohun tó jí mi ni ìró abọ́. Abọ́ onírin tí mo fi ń bu aró ló ń kan ògiri, kò, kò, kò, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, inú omi ló bọ́ sí.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Omi ti dé ìdajì ojúgun mi, ó sì ń ga sí i lójú mi. Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìta ni ilẹ̀kùn wa ń ṣí sí, omi tó wà níta sì ti fọwọ́ tì í pa. Mo fi èjìká tì í títí, kò mira. Gbogbo ojú fèrèsé ló ní irin, irin tí àwa fúnra wa fowó wa rà nítorí olè.

Mo gbé ìyá mi sórí tábìlì. Mo gbé àga lé orí bẹ́ẹ̀dì, mo kó àwọn ọmọ sórí rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mi ò níí purọ́ fún yín, kì í ṣe àdúrà tó ní orí àti ìdí. "Jésù, Jésù" ṣáá ni mò ń pè. Ìyá mi ló ń ka Sáàmù 124 lórí tábìlì, èyí tó ní bí kì í bá ṣe ti Olúwa tó wà pẹ̀lú wa, omi ìbá ti bò wá mọ́lẹ̀. Bó bá kà á dé ibi omi yẹn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Bátìrì fóònù mi ti ń lọ sópin. Mo pe bàbá alàgbà kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀. Àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, kò gùn, gbólóhùn mẹ́ta péré. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, gbé fóònù sílẹ̀ kó má baà kú. Ẹnì kan wà ládùúgbò yín tí mo mọ̀." Wọ́n pa fóònù.

Ẹni tí wọ́n mọ̀ yẹn ni bírìkìlà tó kọ́ ilé fún wọn. Mùsùlùmí ni, ilé rẹ̀ ni ilé kẹrin sí tiwa lápá òkè. Láti ọdún tí a ti ń gbé ibẹ̀, "ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé" nìkan ló pa àwa àti wọn pọ̀.

Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó kọjá. Mo ṣáà gbọ́ ohùn Bàbá bírìkìlà lójú fèrèsé: "Ìyá Àdìrẹ! Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ mọ́ iná o! Wọ́n ti mú iná lóòótọ́, àmọ́ wọ́n lè mú un dé nígbàkigbà." Bí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. Èmi ì bá ti máa lu irin ní tèmi. Bàbá kò tiẹ̀ wo irin. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti rì í mọ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń fi dígà gbẹ́. Bí wọ́n bá gbé dígà sókè, "Bísímíláì". Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, ègé búlọ́ọ̀kù kan á já bọ́ sínú omi. Wọ́n tún gbé e, "Bísímíláì". Mo ka mẹ́tàdínlógún kí irin àkọ́kọ́ tó tú.

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá ni wọ́n ti so okùn mọ́ igi máńgòrò tó wà lókè, okùn tí wọ́n fi ń fa bọ́kẹ́ẹ̀tì kọnkéré gòkè níbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì dúró tì í. Bàbá pọn ìyá mi. Ìyàwó wọn fi ọ̀já gbá ọmọ mi kékeré mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ kan di okùn mú, kí n fi ìkejì di ọmọ mi àgbà mú, kí n má sì gbé ẹsẹ̀ sókè, kí n máa wọ́ ọ nílẹ̀. Bàbá ń fi igi tọ́ iwájú wò nítorí gọ́tà tí kò ní ìdérí. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bó bá tó 60, ó lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Èyí tí a là kọjá lóru ọjọ́ náà dé itan mi.

Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé èwo ló gbà wá gan-an, àdúrà ni àbí okùn? Àwọn kan ń fẹ́ kí n sọ pé àdúrà ni, ojú wọn a yí padà bí mo bá ti dárúkọ dígà. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kí n sọ pé okùn ni, kí wọ́n lè rí i dì mú pé asán ni àdúrà. Mi ò lè bá apá kankan lọ. Ohun tí mo fi etí mi gbọ́ ni mò ń sọ: mi ò gbọ́ "Bísímíláì" kan tí dígà kò tẹ̀ lé. Bàbá alàgbà gba gbólóhùn mẹ́ta, wọ́n sì tẹ fóònù. Ọlọ́run lè gbà wá lọ́nà mìíràn, mi ò jiyàn. Ọ̀nà tó gbà gbà wá ni mo mọ̀, ọwọ́ èèyàn ló sì fi ṣe é. Ẹni tó bá ní okùn nílé, tó wá fi àdúrà nìkan ránṣẹ́ sí ẹni tí omi ká mọ́, ìdáhùn àdúrà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn tí kò jẹ́ kó jáde.

Ní Ẹ́kísódù orí 14, nígbà tí òkun wà níwájú, tí Fáráò wà lẹ́yìn, Ọlọ́run bi Mósè pé kí ló dé tó ń ké pe òun. Kó sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kí wọ́n máa lọ síwájú. Mo ti ka ibẹ̀ àìmọye ìgbà. Oru ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá bírìkìlà láàárọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, Ìyá Àdìrẹ. Ànábì wa ní kéèyàn so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná, kó tó gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Okùn yẹn ni mo so."

Omi fà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ìkòkò aró mi mẹ́fà, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù. Aró tí mo ti rẹ fún aṣọ ẹbí oníbàárà kan tú sínú omi, ó sì kun gbogbo ògiri: láti ilẹ̀ lọ, dúdú aró, ibi tí omi dúró sí gẹ́lẹ́, ó fa ìlà bí ẹni fi rúlà fà á. Mo ní kí ọmọ mi kékeré dúró ti ògiri kí n wò ó. Ìlà náà ga ju orí rẹ̀ lọ. Kò yẹ kí n wò ó, torí ìgbà yẹn ni ara mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ ìtàn orúkọ ìlú wa, bí igi tí àwọn Lároóyè àti Tìmẹ́hìn gé ṣe wó sínú odò, tí ohùn Ọ̀ṣun sì jáde pé, "Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Onígbàgbọ́ ni mí, àmọ́ ọmọ ìlú yìí ni mí, gbólóhùn yẹn ló sì bọ́ sí mi lẹ́nu láàárín àfọ́kù ìkòkò. Ìtàn kan náà ló ní àwọn tó tẹ ìlú yìí dó kò jókòó sétí odò. Wọ́n ṣí kúrò.

Oúnjẹ wá, aṣọ wá, àwọn tí mi ò mọ̀ rí láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun gbé ẹní àti ìkòkò wá. Ọlọ́run á san án fún wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, torí omi ṣalángá ti wọ kànga. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ló dúró tì mí: lítà omi kan tó ti hó tó sì ti tutù, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí, ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀. Ó ní kí n máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí n má dúró. Ó tún bá wa dé ọsibítù, wọ́n ní kì í ṣe onígbáméjì. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé okùn nìkan ni, ẹ gbọ́ èyí náà. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀, mi ò lè sùn. Bí òjò bá ti kán sórí páànù, màá ti dìde jókòó, màá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ wo ilẹ̀ bóyá ó ti tutù. Kò sí ẹni tó lè fi ṣọ́bìrì kó ìyẹn jáde. Ìyá Ìjọ wá. Lọ́sàn-án, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n bá mi kó ẹrẹ̀. Lálẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìgbàkígbà tí mo bá ta jí, màá gbọ́ ohùn wọn nínú òkùnkùn, wọ́n ń dárúkọ mi fún Ọlọ́run. Alẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ṣe é. Ní alẹ́ karùn-ún, òjò rọ̀, mo sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ní ìjẹ́wọ́ kan. Ní 2022, nígbà tí omi gba Kogi, Bayelsa, Anambra àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, tó pa èèyàn tó lé ní 600, tó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, ẹgbẹ́ àdúrà wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo darí rẹ̀. Mo sunkún, ẹkún òótọ́ ni. Àpò aṣọ méjì tí kò gba àwọn ọmọ mi mọ́ wà ní yàrá mi nígbà yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé kí n bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kó nǹkan lọ fún wọn. Mo mọ ohun tí Jákọ́bù sọ nípa ẹni tó ń kí ẹni tí òtútù ń mú pé kí ara rẹ̀ móoru, tí kò fún un ní aṣọ. Omi ló wá gbé àpò méjèèjì yẹn lọ lóṣù Kẹsàn-án.

Ìyá mi wà ní Ìbàdàn nígbà omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Wọ́n ní ìdọ̀tí àti ilé ni wọ́n fi dí odò náà lójú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, èèyàn tó lé ní 100 sì kú. "Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó," ni ìyá mi ń sọ, "onílé ni kò ní gbà fún un." Nígbà tí a gbẹ́ gọ́tà àdúgbò wa, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló kún inú rẹ̀. Ègé aṣọ àdìrẹ tèmi náà wà níbẹ̀, mo dá a mọ̀ láti ara àmì rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ní gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, èmi ni mo ń kọ́kọ́ bọ́ sínú gọ́tà náà báyìí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni màá ṣe ìdúpẹ́. Yàtọ̀ sí èyí tí màá gbé síwájú pẹpẹ, mo ti ra okùn mẹ́ta, mítà 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ṣọ́bìrì mẹ́rin. Okùn kan á wà lọ́dọ̀ Bàbá bírìkìlà, ọ̀kan lọ́dọ̀ Màmá Ìbejì lókè, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá Ìjọ máa gbàdúrà sí wọn, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá bírìkìlà náà ń bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn pátápátá làwọn máa jókòó sí.

Wọ́n ti bá wa tún fèrèsé ṣe, irin rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú báyìí, wọn kò sì gba owó iṣẹ́. Ògiri nìkan ni mi ò tíì kùn. Ọkọ mi fẹ́ kí a kùn ún kí Kérésìmesì tó dé. Mo ní kó jẹ́ kí ìlà aró yẹn wà níbẹ̀ ná, kí àwọn tó ń kọ́lé sí ìsàlẹ̀ lè wá wọn bó ṣe ga tó kí wọ́n tó ri síwíìṣì iná mọ́ ògiri tiwọn. Ẹni méjì ti wá wọ̀n ọ́n.