Ọjọ́ Karùn-ún: A Dé Amboy

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ kí a tó wọ Amboy lónìí, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní wákàtí kan tí a ti ń rí pátákó ibẹ̀ lókèèrè. Ohun tí aṣálẹ̀ Mojave fi ń dá ènìyàn lágara nìyẹn: kì í fi ohunkóhun pa mọ́. Nílé, igbó ni yóò bo ìlú mọ́ ẹ lójú títí ẹ ó fi já sí i lójijì. Níhìn-ín, ẹ ó rí ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó rìn, ẹ ó tún rìn, ibẹ̀ yóò sì dúró gbọnin bí ẹni tí kò gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Mo ka ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan, mo gbójú sókè, pátákó náà kò tóbi sí i rárá. Alàájì, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń rìn níwájú mi, ní kí n yé wò ó, kí n máa wo gìgísẹ̀ òun. Gìgísẹ̀ wọn ni mo ń wò títí a fi dé.

Fún ẹni tí kò ka ti àná: àwa mẹ́fà ni a ń fẹsẹ̀ rìn láti Barstow lọ sí Twentynine Palms, ní gúúsù ìpínlẹ̀ California, láti fi kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ máìlì 130, a sì pín in sí ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹni keje wa ni àǹtí mi, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ tó kó omi, oúnjẹ àti àgọ́ wa. Wọ́n bí àrùn náà mọ́ wọn ni. Eegun ìbàdí wọn ọ̀tún ti bà jẹ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ bó ti yẹ, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn láti bí ọdún mẹ́ta. Torí náà ni àwa ṣe ń rìn fún wọn, tí àwọn sì ń wakọ̀ fún wa. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á ní nínú ìpín méjèèjì, tàwọn ló dára jù.

Òwúrọ̀ yìí ni a kọjá Bagdad. Láàárín Ludlow àti Amboy, tí ó tó máìlì 28, ẹni tó sọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin lórúkọ kò ro ti ooru mọ́ ọn, torí pé Siberia kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Bagdad, kò sí ilé kan tó dúró mọ́. Àmọ́ àkọsílẹ̀ kan wà tí kò sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1912 títí di ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1914, òjò kò rọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 767 gbáko! Àǹtí mi ti gbé ọkọ̀ síbẹ̀ dè wá, wọ́n bu omi sí ife mẹ́fà, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìmu tirẹ̀ tán. Òùngbẹ kò gbẹ mí lásìkò náà, ṣùgbọ́n n kò jiyàn. Láti kékeré ni màmá wa ti ń gbé ife omi tẹ̀ lé wọn kiri ilé, nítorí bí omi bá ti dín kù lára ẹni tó ní àrùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kí ó rí roboto á túbọ̀ máa tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, wọn á dí ojú iṣan, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi omi lé kiri nígbà kan ti wá di ẹni tí ń fi omi lé àwọn ẹlòmíràn kiri nínú aṣálẹ̀, mo sì rí i lójú wọn pé ó ń dùn mọ́ wọn.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà wọ àárín àpáta dúdú. Òkè kan tó dá dúró gedegbe, tó rí bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ni ó pọ àpáta náà nígbà tí ó ń yọ iná. Kò ga ju bí ẹsẹ̀ bàtà 250 lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yí i ká tẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun nìkan fi dà bí ọba láàárín ìlú. Òkúta rẹ̀ dà bí àkàrà tó jóná: dúdú, pẹ̀lú ihò wínníwínní káàkiri ara rẹ̀. Ojú irin náà kò fi wá sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá, mo ka kọ̀ńténà rẹ̀ dé 90 kí n tó ṣì í kà, ọkọ̀ náà kò sì tíì tán.

Alàájì ló sọ fún wa pé ọdún 1883 ni àwọn tó ń la ojú irin náà fi orúkọ sí àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ láti ìhín lọ sí ìlà-oòrùn bí lẹ́tà ti tò: Amboy, Bristol, Cadiz, Danby, Essex, Fenner, Goffs. Wọ́n ní ká ní Yorùbá ló là á ni, Cadiz ì bá má rí ọkọ̀ kankan kí ó dúró níbẹ̀, nítorí C kò sí nínú ábídí wa. A rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ náà ti pa ni lẹ́rìn-ín tó lọ. Ó ti rẹ̀ wá ni.

Kí wá ni Amboy? Títì kan ni, ilé epo kan wà lẹ́bàá rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò gba àlejò, ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́, ìjọ Àgùdà tí kò ní ọmọ ìjọ, àti pátákó ńlá yẹn lórí gbogbo wọn. Roy's ni wọ́n kọ sí i. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ó ní pupa, ó ní dúdú, ó rí ṣóńṣó bí ọfà tí ẹnìkan ta láti ojú ọ̀run tí kò sì padà wá mú. Àwọn ilé kéékèèké òtẹ́ẹ̀lì náà tò tẹ̀ léra wọn, funfun báláú, ilẹ̀kùn wọn wà ní títì. Mo fojú sí gíláàsì ọ̀kan. Eruku ló wà nínú rẹ̀, àti oòrùn.

Roy Crowl ni ó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1938, nígbà tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Los Angeles lórí Route 66 ní láti gba ibí kọjá, tí ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn sì máa ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Àna rẹ̀, Buster Burris, tó fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ni ó sọ ọ́ di ìlú: ilé oúnjẹ, ilé ìsùn, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí kì í tì lọ́sàn-án lóru. Wọ́n ní láti Barstow ni ọkùnrin náà ti ri òpó iná mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ọkọ̀ rẹ̀ kan tó ti gbó fa wáyà ní ẹ̀bá títì títí iná fi dé Amboy. A ti fi ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn, nítorí náà a mọ iṣẹ́ tí ó ṣe. Ẹni tó bá ti gbé ní àdúgbò tí wọ́n ti dáwó ra òpó àti tiransífọ́mà fúnra wọn kí ilé iṣẹ́ iná tó dá wọn lóhùn kò ní bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ràn Buster láìrí i rí. Ọdún 1959 ni wọ́n gbé pátákó náà dúró. Ní 1973, ọ̀nà márosẹ̀ tuntun, I-40, gba apá àríwá kọjá, àwọn ọkọ̀ sì bá a lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú kan náà ni ọjà kú.

Ní 2005, Albert Okura, oníṣòwò adìyẹ sísun ní California, ra gbogbo ìlú náà ní 425,000 dọ́là, ó sì ṣe ìlérí pé òun kò ní jẹ́ kí ó wó. Ó tún ilé epo ṣí, wọ́n sì tan iná pátákó náà padà ní 2019. Ó kú ní 2023. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń tọ́jú ibẹ̀ báyìí. Mo gbọ́ tí ẹnìkan nínú wa ń sọ pé kí ni ènìyàn fi ìlú tí kò ní omi ṣe. Òótọ́ ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ ibí kò ṣe é mu. Ibùsọ̀ iyọ̀ ló wà létí ìlú, tí wọ́n ń wa kòtò gbọọrọ sí kí oòrùn lè fa omi rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n á sì kó iyọ̀ nílẹ̀. Nígbà kan rí, ọkọ̀ ojú irin ni ó máa ń gbé omi mímu wá. Ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ìbéèrè náà tọ́. Gbogbo ohun tó dúró nínú aṣálẹ̀ yìí, ẹnìkan ló ń pọnmi fún un.

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kò sí oúnjẹ gbígbóná. Wọ́n ń ta epo, owó rẹ̀ sì ju ti Barstow lọ dáadáa. Wọ́n ń ta ẹ̀wù, ife àti ohun mímu inú ìgò. Ohun mímu tí wọ́n fi ń yangàn ni root beer. Alàájì wo orúkọ tó wà lára ìgò náà, wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e padà sórí káńtà, wọ́n ní ọjọ́ orí àwọn ti kọjá bíà. A ṣàlàyé títí pé kò ní ọtí nínú. Níkẹyìn wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí a fi po Robb mọ́ ṣúgà fún àwọn mu. N kò lè jiyàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí lẹ́nu. Mo mu tèmi àti tiwọn.

Lára ẹ̀wù kan tí wọ́n fi kọ́, wọ́n ya Route 66 láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, láti Chicago dé Santa Monica. Àǹtí mi fi ìka lé Chicago. Wọ́n ní, “Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa mi.” Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní 1910, Dókítà James Herrick tẹ ìwé kan jáde ní Chicago lórí ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada, ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ wọ ìwé àwọn oníṣègùn òyìnbó. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi orúkọ pe ohun tí ojú wọn rí: ẹni tí à ń sọ pé ó ti kú lónìí, tí yóò sì dìde lọ́la. Orúkọ kejì tí wọ́n fi ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ti pe àǹtí mi ní àbíkú níṣojú màmá wa rí, mo wà níbẹ̀, mo kéré, mo sì rántí àwọ̀ gèlè ẹni náà títí di òní.

A bẹ ọkùnrin tó wà ní ìdí káńtà, ó sì fi ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ kan hàn wá pé kí a pàgọ́ síbẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì ti lé, omi ti gbà á; mo fi òwú àti abẹ́rẹ́ dá a lu, mo sì fi ìbọ̀sẹ̀ tó gbẹ bò ó. Máìlì 78 ti lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, a rìn padà díẹ̀ sí ẹ̀bá títì. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wọ́ jọ gọgọrọ níbẹ̀ kí àgbàrá má baà gbé ọ̀nà lọ ti di ìwé fún àwọn arìnrìn-àjò. Òkúta dúdú ni wọ́n fi ń to orúkọ wọn sára rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ojú mọ. A wá àyè kan, àwa náà to oríkì àǹtí mi. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́tà márùn-ún ló wà nílẹ̀: ASAKE.

Wọ́n ní, “Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kéré jù nínú wa gbà pé lóòótọ́ ni, ó ní bí a bá fi sílẹ̀ láìlámì, ẹni tó bá kọjá á rò pé olórin ni a ń kí. Ni a bá tún bẹ̀rẹ̀. Òkúta gígùn méjì fún àmì ìsàlẹ̀ lórí A méjèèjì, ọ̀kan fún àmì òkè lórí E, òkúta róbótó kan lábẹ́ S. Lẹ́yìn wa, iná pátákó náà ti tàn, ojú ọ̀run kò sì tíì ṣú tán. Ó ku òkúta kan. Alàájì bẹ̀rẹ̀ láti mú un, àǹtí mi ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Ìbàdí wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n fi orí ọ̀pá ti òkúta náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé abẹ́ E, wọ́n fà á sẹ́yìn kí ó má baà fara kan lẹ́tà, wọ́n sì dúró wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wá ta ni kò tíì mu omi.