Ẹ̀yìn Àmì Ẹ̀yẹ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àmì ẹ̀yẹ ayé àwọn olú-ọba Rọ́ṣíà jọ sábà máa ń wo iwájú rẹ̀, níbi tí ẹnámẹ́ẹ̀lì pupa ti ń dán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ àti òrùka tí wọ́n fi ń so ó rọ̀ ni èmi kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Bí a bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àgbélébùú wúrà ti Saint Anna, ọ̀kan lára àwọn àmì ẹ̀yẹ wọ̀nyí, a lè rí nọ́ńbà 56, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpín 56 nínú 96 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó wúrà. Orí obìnrin kékeré kan tó dé adé ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bó bá kọjú sí òsì, ó jẹ́ ti ọdún 1899 sí 1908, bó bá kọjú sí ọ̀tún, ó jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà. Àmọ́ ẹ má tètè sọ idẹ nù o, torí pé ogun mú kí wọ́n fi idẹ tí wọ́n fi wúrà bò rọ́pò wúrà láti 1916.

Àgbélébùú Saint George ti àwọn ọmọ ogun, tí Olú-ọba Alexander Kìíní dá sílẹ̀ ní 1807, ló wù mí jù, nítorí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lè tọ́ka sí ọmọ ogun tó gbà á gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn oníjìbìtì fi ń fá nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, tí wọ́n sì ń lu òmíràn síbẹ̀. Ojú ibẹ̀ máa ń jìn wọnú díẹ̀.