Kí ẹ tó gbin ẹ̀fọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa rà á

Àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá pé báwo làwa obìnrin mẹ́fà ṣe bẹ̀rẹ̀ oko ẹ̀fọ́ ní Bàrígà. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí.

Búkà ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2021, lẹ́yìn wàhálà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, wọ́n dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ látòkè Ọya dúró, mo dé Mile 12 láàárọ̀, tòmátì ò fi bẹ́ẹ̀ sí, àlùbọ́sà tó wà náà ò ṣeé sún mọ́. Mò ń rò ó lọ nínú dáńfó pé ṣé gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ Èkó á máa dúró de tírélà ni? Òótọ́ ni pé a ò lè gbin tòmátì tó máa tó Èkó jẹ, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ugu, gbogbo ẹ̀ ló ń hù níbí.

A tọrọ plọ́ọ̀tì kan tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Bàbá kan tó ti ń gbin ẹ̀fọ́ tipẹ́ lọ́nà Ọ̀jọ́ ń wá kọ́ wa ní Sátidé. Èso ewédú le, tẹ́ ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló máa hù, Bàbá dì í sínú aṣọ, ó rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ó ka ení, èjì, títí dé àrún, ó yọ ọ́ kíá, ó tẹ́ ẹ kó tutù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi yọrí. Ti tẹ̀tẹ̀ wẹ́ gan-an, iyanrìn la fi ń pò ó ká tó fọ́n ọn, kó má bàa hù jọ sójú kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ni mo dà sídìí ẹ̀fọ́ tèmi, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ méjì jó gbẹ. Bàbá ní, "Ìyá oníbúkà, ẹ jẹ́ kó jẹrà ná, kó má gbóná mọ́ tẹ́ ẹ bá tọwọ́ bọ̀ ọ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì bomi gọ́tà rin ẹ̀fọ́ o, ẹnu ọmọ èèyàn ló ń lọ.

Ẹ̀fọ́ wá jáde, ó tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bà jẹ́. Ọjọ́ kan náà la gbin gbogbo ẹ̀, ọjọ́ kan náà ló tó gé. A kó o lọ sọ́jà, àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ti ní oníbàárà tiwọn, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ẹ̀ ti rọ. Ẹlẹ́kọ tó wà nínú wa ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fọwọ́ wọ́n omi sí i, ó ń wọ́n ọn, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú ìwé dání, mo ń lọ láti búkà dé búkà: "Ẹ kú ọjà mà, ìdì ẹ̀fọ́ mélòó lẹ̀ ń lò lóòjọ́?" Mo ń kọ ọ́. Tẹ̀tẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, a wá ń gbin bẹ́ẹ̀dì kan lọ́sẹ̀ kan, tá a bá fi máa gbin ìkẹrin tán, àkọ́kọ́ ti ń tó gé. Ẹ̀fọ́ ò rọ mọ́ wa lọ́wọ́ látìgbà yẹn.

Ti owó ńkọ́? A yáwó ní ilé ayánilówó kan, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti ní ká máa san padà, ẹ̀fọ́ tí ò tíì ju ìka lọ! Owó búkà ni mo fi san án, ó dùn mí wọra. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí sísan máa bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi wọ́n ní iye èlé. Àjọ ló gbà wá, torí àwa fúnra wa là ń pinnu pé ẹni tó fẹ́ gbìn ni kó kọ́kọ́ kó o. Gbogbo ẹ̀ la sì ń kọ sílẹ̀, èso, ìgbẹ́ adìyẹ, owó ọkọ̀, kódà owó iṣẹ́ ara wa, torí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ka agbára tiwọn mọ́ owó. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ máa gbẹ ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ dì í sí ọ̀rá tà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba nọ́ńbà NAFDAC.

Oṣù tó ń bọ̀, ẹlẹ́kọ wa ló máa kó àjọ. Ó lóun fẹ́ fi ra táǹkì omi.